Orí fífá, ọfà búlúù: bí a ṣe kó ọmọ méjì láti Kétu lọ síbi ìpàdé àwọn olólùfẹ́ eré idán l'Ékòó

“Òrìṣà wo ló gbé e?”

Ìyá wa àgbà ló béèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́yìnkùlé ilé wa ní Kétu, ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìrìn àjò wa. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọkùnrin ọdún 13, jókòó sórí àpótí, bàbá rẹ̀ sì ti fá orí rẹ̀ kodoro. Ìyá ọmọ náà, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n wa, mú ọ̀dà búlúù, ó fa ìlà fífẹ̀ kan láti ìpàkọ́ gba àtàrí wá, ó sì fi orí ọfà parí rẹ̀ síwájú orí. Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ wa mọ ohun tó kó jìnnìjìnnì bá ìyá wa. Orí tí wọ́n fá, tí wọ́n sì kùn, ìyàwó òrìṣà la fi mọ̀. Àwọn tó ń jáde láti ilé òrìṣà la máa ń rí bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ẹfun àti osùn. Kò sì sẹ́ni tó sọ fún ìyá pé wọ́n fẹ́ mú ọmọ wọlé òrìṣà kankan.

“Kì í ṣe òrìṣà, Màmá,” ni ẹ̀gbọ́n wa fèsì. “Eré orí télé ni. À ń dán ọ̀dà náà wò ni.”

Ìyá wa tún wo orí ọmọ náà. “Eré wo ló ń fá orí ọmọ?”

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yẹn, torí ó dá wa lójú pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìròyìn yìí náà máa béèrè rẹ̀.

Eré tí ọmọ náà fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Avatar, le dernier maître de l'air ní faransé. Ilé iṣẹ́ télé kan ní Amẹ́ríkà, Nickelodeon, ló gbé e jáde láti 2005 sí 2008, apá 61 ni gbogbo rẹ̀. Eré àwòrán ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Netflix ti wá fi èèyàn gidi ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2024. Nínú eré náà, ayé pín sí mẹ́rin: àwọn èèyàn Omi, àwọn èèyàn Ilẹ̀, àwọn èèyàn Iná àti àwọn èèyàn Afẹ́fẹ́. Nínú ìran kọ̀ọ̀kan, àwọn kan wà tó lè pàṣẹ fún ohun tí ìran wọn ń jẹ́: bí ẹni omi bá gbọ́wọ́ sókè, omi á tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn Iná gbógun dìde, wọ́n fẹ́ gba gbogbo ayé. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè kó agbára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ sára, òun náà sì ni ọmọ ọdún 12 kan tó ń jẹ́ Aang, tó ti sùn sínú yìnyín fún 100 ọdún. Aang ló fá orí. Òun ló ní ọfà búlúù.

Bí eré náà ṣe dé Kétu, ọ̀dọ̀ arákùnrin tó ń kó fíìmù sínú káàdì fóònù ní oríta ni. Bóyá ó lẹ́tọ̀ọ́ láti máa tà á tàbí kò ní, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ní ti ìpàdé, ohun tuntun kọ́ láyé. Lọ́dún 1939, ní New York, àwọn tó fẹ́ràn ìwé ìtàn nípa ayé ọjọ́ iwájú pé jọ fún ìpàdé àkọ́kọ́ tí wọ́n pè ní ti àgbáyé. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Myrtle Douglas rán aṣọ àrà fún ara rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Forrest Ackerman, wọ́n sì wọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀ bí ẹni tó ti ọjọ́ iwájú bọ̀. Lọ́dún 1970, wọ́n bẹ̀rẹ̀ èyí tó wá di ńlá jù lọ létí gbogbo èèyàn, ní San Diego. Lọ́dún 1972, ní New York kan náà, ó kan àwọn olólùfẹ́ eré télé tí wọ́n ń pè ní Star Trek. Àwọn ará Japan ló fún ìwà mímúra bí ẹni inú eré ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é lónìí, cosplay. Nílùú Èkó, Ayodele Elegba dá Lagos Comic Con sílẹ̀ lọ́dún 2012, òun náà ló sì lókìkí jù nítòsí wa. Èyí tí àwa lọ kéré sí i gan-an: ọjọ́ kan péré, gbọ̀ngàn kan péré, ní Ìkẹjà. Àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n fi owó ara wọn ṣe é la bá níbẹ̀.

Kí ló wá gbé ìyá tó ń ta àgbàdo lọ síbẹ̀? Ọ̀rọ̀ gidi wà níbẹ̀, a sì ní kí ẹ̀gbọ́n wa jẹ́ ká sọ ọ́, ó ní ká sọ ọ́.

Láti bí ọdún méjì sẹ́yìn, ọmọkùnrin rẹ̀ ti ń dákẹ́. Kì í ṣe pé ó ya aláìgbọràn. Ó ń ṣe dáadáa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àmọ́ bó bá wọlé, faransé ló fi ń bá àbúrò rẹ̀ obìnrin sọ̀rọ̀, bí ìyá rẹ̀ bá sì pè é, “wíì” ni. Ìyá wa àgbà kò gbọ́ faransé. Bó bá sọ̀rọ̀, ọmọ náà á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì gba inú yàrá lọ pẹ̀lú pọ́tábù. Nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó lọ, tí a ò ní dárúkọ, wọ́n máa ń fìyà jẹ ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì. Àwa náà gba irú ẹ̀ kọjá. Díẹ̀díẹ̀ ni ahọ́n ọmọ ń kọ́ ìtìjú.

“Mo bí ọmọ,” ni ẹ̀gbọ́n wa sọ fún wa lálẹ́ ọjọ́ kan tó ń ka owó ọjà, “mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀ mọ́. Ibi tí ohùn ẹ̀ wà ni mo fẹ́ lọ.”

Ó ti ṣèlérí fún un pé bó bá yege lọ sí kíláàsì kejì, òun á mú un lọ síbi tí àwọn olólùfẹ́ eré rẹ̀ ti ń pàdé. Ọmọ náà yege. Ẹ̀rù ba ìyá, ó wá ní kí àwa tẹ̀ lé wọn. Àwa ni tántì wọn, a sì ti ń wá ìròyìn tí a máa kọ, ni a bá di mẹ́rin: ìyá, ọmọkùnrin, ọmọbìnrin ọdún 9, àti àwa.

Aṣọ kò wọ́n. Aṣọ Aang, aṣọ yẹ́lò àti ọ̀sàn ni, ó fẹ̀, ó rọ̀ sílẹ̀ bí aṣọ àwọn ìmọ̀lé arúgbó. Rántírántí tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé wa ló rán an láàárín ọjọ́ méjì. Ó wo àwòrán tó wà lórí fóònù, ó ní, “Èyí ò le.” Ti ọmọbìnrin, Katara ló fẹ́ jẹ́, ọmọ ìran Omi: búbà búlúù, etí funfun, irun dídì kan gbọọrọ sẹ́yìn, ìlẹ̀kẹ̀ kan lọ́rùn. Nínú eré, ìlẹ̀kẹ̀ ìyá Katara tó ti kú ni. Ẹ̀gbọ́n wa bọ́ ti ara rẹ̀ fún un, ó ní, “Mi ò tíì kú o, dá a padà.” Ọ̀dà tí wọ́n ń fi kun ara, ọjà Tọ́kpá ní Kútọnu la ti rí i. Ẹ má lo ọ̀dà ilé fún awọ ọmọ. A gbọ́ pé àwọn kan dán an wò.

A gba Pọ́bẹ̀ lọ sí Igolo, láti ibẹ̀ a bọ́ sí Ìdí-Ìrókò. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ ọ̀nà náà ju àwa lọ. Ohun tí a fẹ́ sọ fún òbí tó bá ń mú ọmọ kọjá ni pé kí ó mú ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ dání àti lẹ́tà tí bàbá fọwọ́ sí, kí ó sì mú ẹ̀dà rẹ̀ méjì. Àdéhùn CEDEAO ti 1979 fún ọmọ Benin láyè láti wọ Nàìjíríà fún 90 ọjọ́ láìgba fisà. Àmọ́ àdéhùn wà nínú ìwé, èèyàn sì wà lójú ọ̀nà. Ẹnì kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ wo orí ọmọ wa, ó béèrè pé irú àìsàn wo ló ń ṣe é, ó sì sọ iye tí a máa san kí àìsàn náà má bàa kọjá sí Nàìjíríà. Ẹ̀gbọ́n wa kí i, ó bi í léèrè ìyá rẹ̀, ó bi í léèrè ilé. Kò san kọ́bọ̀. A kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀ tí wọn ò kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ ìròyìn.

A sùn lọ́dọ̀ ará ilé kan ní Ọ̀tà. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago méje kò tíì lù tí ọmọkùnrin náà ti wà lójú dígí.

Ìgbà tí a wọ gbọ̀ngàn náà, àwa gan-an la kọ́kọ́ la ẹnu sílẹ̀. Ọkùnrin kan gun orí irin, ó ga bí àkàbà, ó ní ìyẹ́ lẹ́yìn. Ọmọbìnrin kan fi bébà àti rọ́bà tìmùtìmù ṣe ìhámọ́ra ogun, ó fín in bí ẹni fín igi. Naruto pọ̀ bí eéṣú. Ẹnì kan múra bí Ṣàngó, ó gbé oṣé dání, àmọ́ ó fi bàtà eléré ìdárayá wọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n wa sì bá a wí pé kó bọ́ ọ. Àwọn tó ń ta ìwé àwòrán tó jẹ́ pé ọmọ Nàìjíríà ló yà á tò sí apá kan, àwọn tó ń ta irun àtọwọ́dá sí apá kejì, àwọn ọmọ tó ń ta géèmù sì wà nínú ariwo tiwọn lẹ́yìn.

Ó ṣẹlẹ̀ pé ilé wa ni Kétu. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbà ń tọ́ka sí bí orísun Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde lọ́dún 2001 bí ohun ìní gbogbo ayé, tí wọ́n sì tún fi sínú àkọsílẹ̀ wọn lọ́dún 2008. Ọmọ wa ti rí ọkùnrin tó gbé ère lórí, tó di ìdí bí obìnrin, tí gbogbo ọjà sì mọ̀ pé bàbá lágbájá ni, síbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀. Nítorí náà, kí èèyàn wọ awọ ẹlòmíì kì í ṣe àjèjì sí i. Ohun tó jẹ́ àjèjì ni pé níhìn-ín, ẹni tó wọ aṣọ fẹ́ kí o wá bi òun léèrè orúkọ, kí o sì jókòó bá òun sọ ọ́ fún wákàtí kan. A ò fi wọ́n wéra kọjá ibẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní àwọn ìyá tí wọ́n ń ṣe é fún. Ti Ìkẹjà, ara wọn ni wọ́n ń ṣe é fún, wọn ò sì purọ́ pé nǹkan mìíràn ni.

Àmọ́ wàhálà bẹ̀rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo gbọ̀ngàn ń sọ. Ohun tí a fi ẹnu bọ́ ọmọ wa láti ilé ni pé ó máa bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé. Kò sẹ́ni tó rántí èdè nínú wa, kódà àwa tí a ń fi èdè jẹun. Ọmọkùnrin kan tó múra bí Zuko, ọmọ ọba Iná tí bàbá rẹ̀ lé kúrò nílé, rí ọfà búlúù láti òkèèrè, ó sáré wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ti fi ọ̀dà pupa ya àpá sójú òsì, ó jọ ọ́ gan-an. Ọmọ wa fi faransé dá a lóhùn. Zuko wo ìyá rẹ̀. Ọmọ wa wo wa. Àwọn méjèèjì dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kan mọ́lẹ̀, wọ́n ń wo aṣọ ara wọn, wọ́n sì fẹ́ sọ̀rọ̀ débi pé ó hàn lójú wọn. A rí i pé ọmọ tiwa ti fẹ́ padà sínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ó ti ń wo ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa ló pariwo, pẹ̀lú ohùn tó fi ń pe oníbàárà láti òdìkejì ọjà: “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ya odi ni? Ẹ bára yín sọ̀rọ̀!”

Zuko yíjú sí i. “Ẹ gbọ́ Yorùbá, mà?”

“Kí la fẹ́ máa gbọ́ bí kò ṣe Yorùbá?”

Zuko wá yíjú sí ọmọ wa. “Ìwọ náà?”

Ọmọ wa ronú díẹ̀. A fi ọwọ́ di ẹnu wa. “Bẹ́ẹ̀ ni,” ló sọ. “Àmọ́ ti Kétu ni.”

Ohun tó tẹ̀ lé e la tìtorí ẹ̀ kọ ìròyìn yìí. Ọmọ méjèèjì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Katara wa jókòó sáàárín wọn. Wọ́n mọ eré kan náà látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan mọ̀ ọ́n ní gẹ̀ẹ́sì, ìkejì mọ̀ ọ́n ní faransé, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan fún un ní èdè tí wọ́n jọ ní. Wọ́n ní láti ṣe é fúnra wọn. Omi, ilẹ̀, iná, afẹ́fẹ́, ìyẹn rọrùn. Kí la wá ń pe ẹni tó ń pàṣẹ fún wọn?

Zuko ní, “Ní gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní ó máa ń tẹ̀ ẹ́. Atẹ-iná.”

Ọmọ wa kọ̀. “Ní faransé, ọ̀gá ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gá afẹ́fẹ́.”

“Ọ̀gá kọ́. Ó ń tẹ̀ ẹ́ ni, bí ẹni tẹ irin.”

“Ta ló lè tẹ afẹ́fẹ́?”

Àbúrò wọn, tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, ni ó dá sí i. “Ẹ pè é ní Olómi. Oníná. Aláfẹ́fẹ́. Onílẹ̀.”

Ìyá Zuko bú sẹ́rìn-ín, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ní Èkó, bí o bá gbọ́ pé ọmọ onílẹ̀ ń bọ̀, kó o ti máa wá owó sílẹ̀. Ó ṣàlàyé fún àwọn ọmọ wa nípa àwọn tó máa ń dá ẹni tó ń kọ́lé dúró lórí ilẹ̀ tó ti rà. Ọmọ wa gbọ́ ọ, ó ronú, ó ní, “Nígbà náà, Onílẹ̀ dára. Wọ́n ní agbára.” Zuko gbà. Bí wọ́n ṣe fẹnu kò nìyẹn.

Wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ náà. Pọ́tábù tí ọmọ wa ń pè, fóònù ni Zuko ń pè é. Ọmọ Èkó ní ohùn Kétu ń dún bí ohùn bàbá bàbá òun. Ọmọ wa ní Yorùbá tirẹ̀ dún bí rédíò tí bátìrì rẹ̀ fẹ́ kú. A ò rántí ìgbà tí a ti gbọ́ gbólóhùn tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Àwa tún bá ìyá Zuko sọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Olùkọ́ ni. Ó ní òun ló fàṣẹ sí i pé gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n máa sọ nílé, kí ọmọ òun lè ṣe dáadáa nílé ẹ̀kọ́. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá àgbà rẹ̀, àmọ́ kì í fọhùn. Ó ní, “Mo rò pé kò lè sọ ọ́.” Lẹ́yìn náà kò sọ̀rọ̀ mọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo àwọn ọmọ mẹ́ta náà. Ẹ̀gbọ́n wa bu ẹ̀pà fún un.

Ooru mú. Jẹnẹrétọ̀ kú lẹ́ẹ̀mejì. Ní nǹkan bí aago méjì, òógùn ti bo ọfà búlúù náà, ó sì ń ṣàn lọ sí imú. Ọmọ wa rí ara rẹ̀ nínú dígí onítajà kan, ó sì sáré lọ sá pamọ́ sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ẹ̀gbọ́n wa mú gèlè, ó fẹ́ nu ún, ó wá bà á jẹ́ sí i. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó múra bí àǹjọ̀nú, tó ní ìwo méjì, ló dá a dúró. Ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n wa, pẹ̀lú ìwo lórí, ó mú ẹ̀tù jáde nínú báàgì, ó fi gbẹ orí ọmọ, ó sì tún ọfà náà fà pẹ̀lú búlúù tirẹ̀. Ó ní ẹ̀tù ni kí a máa kọ́kọ́ fi sí i, ṣáájú ọ̀dà àti lẹ́yìn ọ̀dà. Kò gba owó. Ẹ rántí ẹ̀tù yẹn.

Wọ́n pe àwọn tó múra sórí pèpéle. Ọmọkùnrin wa kọ̀ jálẹ̀, àbúrò rẹ̀ sì ti gòkè kí a tó rí i. Atọ́kùn fi gẹ̀ẹ́sì bi í ní nǹkan kan, bóyá orúkọ. Kò gbọ́ ọ. Ó ṣe ohun tí ìyá wa àgbà kọ́ ọ pé kí èèyàn máa ṣe bó bá bá ọ̀pọ̀ àgbà níbì kan: ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàsán o, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru.” Gbọ̀ngàn náà dáhùn. Kì í ṣe pé wọ́n pàtẹ́wọ́ o, wọ́n dáhùn, “Káàsán, ọmọ dáadáa,” bí ìgbà tí wọ́n wà níbi ìkómọjáde. Atọ́kùn alára yí èdè padà. Ó béèrè ẹni tó jẹ́, ó ní, “Olómi ni mí.” Kò gba ẹ̀bùn kankan. Ọmọbìnrin tó fín rọ́bà tìmùtìmù bí igi ló gbégbá orókè, ó sì tọ́ sí i.

Kí ẹ má bàa sọ pé àwọn apá tó dùn nìkan la kọ, a fẹ́ sọ ti owó àti ti ojú. Owó ìwọlé wà, owó àwòrán wà, oúnjẹ inú gbọ̀ngàn wọ́n ju ti ìta lọ ní ìlọ́po méjì, ẹni tó bá sì ṣẹ́ sẹ́fà sí náírà lójú bọ́dà láìná an yóò kábàámọ̀. Ẹ gbé omi àti ìpápánu dání. Ní ti ojú, kì í ṣe gbogbo eré idán ló wà fún ọmọdé. Ọkùnrin kan múra bí jagunjagun inú Game of Thrones, eré tí HBO ṣe láti 2011 sí 2019. Ọmọ wa fẹ́ mọ ìtàn rẹ̀. A ní rárá, torí a ti wò ó, ìhòòhò àti ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀. Aníkúlápó tí Kunle Afolayan ṣe, tó jáde bí fíìmù lọ́dún 2022, tó sì di eré alápá púpọ̀ lọ́dún 2024, Yorùbá ayé Ọ̀yọ́ ló kún inú rẹ̀, a sì fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀, ti àgbà ni. Ẹ kọ́kọ́ wò ó kí ẹ tó gbé e fún ọmọ. Ó ń dùn wá pé eré tó bá ní Yorùbá gidi nínú, àgbàlagbà la máa ń ṣe é fún, àwọn ọmọ wa sì wà lọ́dọ̀ Nickelodeon.

Ẹ̀gbọ́n wa kò gbàgbé pé ọlọ́jà ni òun. Ìwé àwòrán kan tí ọmọ fẹ́, ó ná an títí tí ẹni tó yà á fi ń rẹ́rìn-ín, ó sì rà á. Àwọn òbí méjì bi í léèrè ẹni tó rán aṣọ Aang. Nígbà tó dárúkọ iye tí ó ná an, wọn ò gbà á gbọ́. Kí a tó kúrò níbẹ̀, ó ti gba ìwọ̀n ọmọ méjì sórí ìwé, pẹ̀lú àsansílẹ̀. Rántírántí ìsàlẹ̀ ilé wa ti ń rán an báyìí. Ìyá Zuko ni ọ̀kan nínú àwọn òbí náà: ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ jẹ́ Oníná mọ́.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú la wọlé sí Kétu. Ìyá wa àgbà kò tíì sùn. Ó fi àtùpà wo orí ọmọ, ó rí i pé ọfà ti kúrò, ó ní, “Ó ti fi ọ́ sílẹ̀?”

Ọmọ náà jókòó tì í. Ó sọ ìtàn náà fún un látìbẹ̀rẹ̀, ní Yorùbá, ó ń kọsẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀, àbúrò rẹ̀ ń bá a mú un. Ìyá wa ń gbọ́, ó ń ju orí. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti sọ pé Aang kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́, pé bí ọ̀kan bá kú, òun náà ni wọ́n á tún bí sí ìran mìíràn, tí á sì máa rí àwọn tó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀, tí á máa gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ wọn, ìyá wa dá a dúró.

“Babátúndé ni, kẹ̀.”

Ọmọ náà dákẹ́. Kò ronú kàn án rí.

“Ẹ̀ ń pè é ní kí ni?” ìyá wa béèrè.

“Avatar.”

“Hùn. Babátúndé ni. Ìwọ náà, ta lo rò pé o jẹ́ kó o tó wá?”

A fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ lọ sùn. Ní ọjọ́ kejì, ìyá wa ní kí wọ́n gbé eré náà wá kí òun wò ó. Fóònù kéré jù fún ojú rẹ̀, ni wọ́n bá so ó mọ́ télé pálọ̀. Faransé ni àwọn inú rẹ̀ ń sọ, torí náà ọmọkùnrin náà ní láti máa dá a dúró, kó sì máa sọ fún un ohun tí wọ́n wí. Bó bá kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan, á fi ohùn ránṣẹ́ sí Zuko lórí WhatsApp ìyá rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ka owó ọjà tán. Nígbà mìíràn, ìyá wa ló máa ń fún àwọn méjèèjì ní ọ̀rọ̀ náà. Apá kan ń gbà wọ́n tó wákàtí kan àbọ̀. Nígbà tí a fi ń kọ ìròyìn yìí, wọ́n ti dé apá kẹrìnlá, ìyá wa sì ti sọ pé Zuko inú eré náà, kì í ṣe ọmọ búburú, bàbá rẹ̀ ni kò dára.